Pákó Bámigbóyè

Lẹ́yìn Mísà àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè kan, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Kabba, Martha dúró lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì sọ fún àwọn àgbà ọkùnrin mẹ́ta kan pé òun máa ti ṣọ́ọ̀bù òun pa kí ọyẹ́ tó lọ.

Ọlábímtán, tó ṣe iṣẹ́ wolé-wolé títí tó fi fẹ̀yìntì, gbójú sókè wo ọ̀run. Thomas káfíńtà wo bàtà rẹ̀. Ẹni kẹta ni Sálíù Ọláníran. Mọ́sálásí ni tirẹ̀, kò bá ṣọ́ọ̀ṣì dá nǹkan kan pọ̀, àmọ́ kò sí ọjọ́ Sọ́ńdè tí kì í wá dúró de àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ igi náà, nítorí pé àìríẹni-bá-sọ̀rọ̀ kò bá a lára mu. Òun ló kọ́kọ́ lanu.

"Ṣé ìṣó ńlá ṣì wà?"

"Ó wà," ni Martha dá a lóhùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ni kálukú bá gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé, kò sì sẹ́ni tó ní kó pẹ̀lẹ́. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè rò pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò láàánú. Wọ́n láàánú o. Ẹ̀rù ló bà wọ́n, ohun tó sì bà wọ́n lẹ́rù fara ti ògiri nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà.

Lójú títì tó lọ sọ́jà ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Bámigbóyè, ọkọ Martha tó jẹ́ káfíńtà, ló dá a sílẹ̀ kí òyìnbó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìṣó ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣó ló kó ayùn àti òòlù dé, ó kó híńjì àti kọ́kọ́rọ́ àpótí, ó kó pépà tí wọ́n fi ń ha pákó, ó kó fáníṣì, ó kó gúlú tí wọ́n ń sè lórí iná, èyí tó máa ń rùn débi pé àwọn aládùúgbò kọ́ bí èèyàn ṣe ń fẹnu mí. Láti Iyara títí dé Ekinrin-Adde, kò sí káfíńtà tí kò mọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ilé èèyàn bá ń ké ní Kabba láyé ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ Bámigbóyè ni híńjì rẹ̀ ti wá, kì í sì í gbà á padà.

Bó ṣe jẹ́ nìyí tí pákó fi wọ ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún kan, wọ́n gbé ìtì igi apá kan wá láti inú igbó Bùnú, Bámigbóyè sì là á. Nígbà tó rí inú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti orí dé ìdí. Ó ní irú pákó báyìí kò gbọdọ̀ di kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnì kan máa kó àwo sí. Ó fi wáyà dì í, ó gbé e ti ògiri ẹ̀yìn, ó ní, "Tèmi nìyí. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, òun ni kí ẹ fi kan pósí fún mi." Ara rẹ̀ le koko nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò ṣàìsàn, kò lálàá kankan. Fáàrí lásán ni.

Fáàrí náà sì ran àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí Thomas gbé ìdì pákó ìrókò wá, ó ní kí wọ́n bá òun gbé e ti ẹ̀gbẹ́ ti Bámigbóyè. Ọlábímtán lọ wá ọ̀gànwó pupa kan tó ń dán bí ẹni pé wọ́n ti fi epo pa á. Ọláníran náà gbé àfàrà wá. Wọ́n rán an létí pé Mùsùlùmí kì í wọ pósí. Ó ní òun mọ̀, pé pákó tí wọ́n máa tò lé òun lórí nínú sàréè kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ ni, àti pé òun ò ní jókòó kí wọ́n wá fi pákó jákujàku bo òun nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń sùn nínú ìrókò. Àwọn àgbà mìíràn náà gbé tiwọn wá. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n máa ń wá wo pákó wọn. Wọ́n á kàn án wò, wọ́n á yí i padà kó má baà kákò, wọ́n á bi Martha bóyá ó ń gbẹ dáadáa. Martha á ní ó ń gbẹ. Inú wọn á dùn, wọ́n á ra ìṣó díẹ̀ tí wọn kò nílò.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀rọ̀ pákó yìí: pákó kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹni tó ni ín nígbà tí onítọ̀hún ṣì ń mí. Bàbá kan ló fa òfin náà. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ń jò lọ́dún kan, bàbá náà sì ní kí wọ́n gbé pákó òun lọ sílé òun títí wọ́n á fi tún un ṣe. Kò rí òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Pé bàbá náà ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, pé ó ti ń ṣàìsàn láti ìgbà ọdún Ìjẹṣu, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ tí èèyàn bá kú gan-an ni pákó rẹ̀ ń wọ ilé rẹ̀. Gbogbo ìlú ló sì mọ àwọ̀ pákó kálukú. Bí wọ́n bá rí pákó lágbájá lójú títì, wọ́n mọ̀ pé lágbájá ti lọ nìyẹn, wọ́n á sì mú ọ̀nà ilé rẹ̀ pọ̀n.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà náà ti bá pákó wọn lọ. Pákó mẹ́rin ló kù: ìrókò Thomas, ọ̀gànwó Ọlábímtán, àfàrà Ọláníran, àti apá tó ṣáájú gbogbo wọn dé ibẹ̀.

Bámigbóyè fúnra rẹ̀ kò sí ńlé. Ogun Bìáfíràà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tó gba iṣẹ́ òrùlé ilé-ìwé kan ní Kaduna. Ó ní òun ò ní pẹ́. Awakọ̀ lọ́rì kan ló mú iṣẹ́ rẹ̀ wá pé àlàáfíà ni òun wà, pé kí wọ́n máa retí òun ní Kérésì. Kò sọ Kérésì wo. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohùn, kò sí ìró. Martha rán èèyàn títí. Thomas fúnra rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Kaduna, ó bá ilé-ìwé náà pẹ̀lú òrùlé lórí, òrùlé tó dáa, wọ́n sì ní káfíńtà tó kàn án ti gba iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó ti lọ. Síbo? Wọn kò mọ̀. Àwọn kan ní Kabba ń sọ lẹ́yìn Martha pé ìyàwó wà ní Zaria. Àwọn mìíràn ní ọkọ̀ ló dànù. Lójú Martha, gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò: "Nígbà tí Bámigbóyè bá dé."

Gbólóhùn yìí ti wà lẹ́nu wọn láti ìgbà tí Adétutù, ọmọ kan ṣoṣo tí Martha bí, kò tíì ju ọmọ tó ń fi ìdí wọ́lẹ̀ lọ. Adétutù ti wá di tíṣà ní Ìlọrin níbi tí gọ́mìnà Kwara ń gbé, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Inú rere ni wọ́n fi ń sọ ọ́ o. Àmọ́ inú rere náà ti sú Martha. Kò wọ aṣọ ọ̀fọ̀ rí. Wọn kò ṣe Mísà òkú. Ẹnì kan ò wá bá a jókòó lórí ẹní rí, ẹnì kan ò kí i kú ará fẹ́ra kù. Ó ń ta ìṣó. Àìsí ọkọ rẹ̀ dùn ún, àmọ́ ó ti mọ́ ọn lára. Ohun tí kò mọ́ ọn lára ni pé òun nìkan ló wà nínú rẹ̀, pé gbogbo ìlú ń rí òun lójoojúmọ́ wọn kò sì bá òun sunkún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú ń bí i sí wọn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní kó ti ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn orúnkún ni àga onírin tí wọ́n ń kó wá láti Onitsha, tí kò nílò káfíńtà. Lẹ́yìn àga ni Adétutù, tó ń ránṣẹ́ ṣáá pé kí ìyá òun wá máa bá òun gbé. Martha gbà. Ẹnì kan tó fẹ́ máa ta kásẹ́ẹ̀tì ti gba ilé náà lọ́wọ́ onílé. Ìṣó àti ayùn kò nira láti tà. Ọ̀rọ̀ pákó ló kù, nínú ọ̀rọ̀ pákó sì rèé, èyí tó le jù ni ti ọkọ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá sọ ibi tí pákó Bámigbóyè máa lọ ti sọ ibi tí Bámigbóyè wà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn, kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà, níbi tí ẹrẹ̀ kì í tán kódà lásìkò ọyẹ́, ni wọ́n ń gbà. Ìgbà tí Martha rí i pé wọ́n fẹ́ fi ẹrẹ̀ pa ara wọn, ó wọ bàtà, ó lọ bá wọn nílé.

Ilé Ọlábímtán ló kọ́kọ́ yà. Rebecca, ìyàwó rẹ̀, ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà.

"Okun o, Rebecca," Martha kí i.

"Okun o, Iye Adétutù. Ẹ káàbọ̀."

"Bàbá ńkọ́?"

"Ó ti lọ sí Iyah-Gbede láti àárọ̀."

Ẹnì kan wúkọ́ nínú yàrá. Martha wo Rebecca. Rebecca wo ẹ̀gúsí.

"Ta ló ń wúkọ́ yẹn?"

"Ewúrẹ́ ni."

"Ewúrẹ́ yín ti dàgbà o."

"Ó ti dàgbà. Ọyẹ́ yìí ò sì bá a lára mu."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé tí kò bá wá gbé pákó rẹ̀, ẹlẹ́kásẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ fẹ́ràn ẹran súyà, kò sì mọ ọ̀gànwó yàtọ̀ sí igi ìdáná."

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ tí ewúrẹ́ náà ń kígbe orúkọ Rebecca.

Ó sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ilé Ọláníran àti ní ilé Thomas. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi dúró nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wo pákó.

"Mi ò lè gbé e lọ sílé," Ọlábímtán wí.

"Ta ló ní ẹ lè gbé e lọ sílé?" Thomas bi í. "Èmi gan-an lè gbé tèmi lọ sílé ni?"

"Ìwọ ni káfíńtà. Pákó ti mọ̀ ẹ́."

"Ìrókò yẹn ò mọ̀ mí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."

Ọláníran ló já ọ̀rọ̀ náà. "Kàì! Ẹ jẹ́ ká ronú. Òfin ní pákó èèyàn kò gbọdọ̀ wọ ilé onítọ̀hún. Kò ní kó má wọ ilé ẹlòmíì. Thomas, gbé ti Ọlábímtán lọ. Ọlábímtán, gbé tèmi. Èmi á gbé ti Thomas."

Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tinú tẹ̀yìn. Wọn kò rí ihò kankan nínú rẹ̀, ìyẹn sì bí Ọlábímtán nínú díẹ̀, nítorí ó ti gbà lọ́kàn pé òun ló gbọ́n jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Adìẹ yín ńkọ́?" Thomas bi Ọláníran. "Mi ò fẹ́ kí adìẹ máa sùn lórí ìrókò mi."

"Adìẹ mi ní ilé."

"Mo ti rí ilé wọn. Inú pálọ̀ yín ni."

"Màá fi aṣọ bò ó. Wàláhì, màá fi aṣọ bò ó."

"Ohun kan tún wà," Ọlábímtán sọ. "Ẹni tó ń bá èèyàn tọ́jú pákó kò gbọdọ̀ jẹ́ oníkánjú. Thomas, má máa wò mí bí ẹni tó ń wọ̀n mí."

"Iṣẹ́ mi ni, Bàbá. Bí mo ṣe ń wo gbogbo èèyàn nìyẹn."

Báyìí ni wọ́n ṣe parí rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n parí rẹ̀ tán ni ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sára pákó apá tó dá dúró ní igun. Thomas ní, "Ìyẹn, nígbà tí Bámigbóyè bá…" Ó wo ojú Martha, kò parí rẹ̀.

"Ẹ gbé tiyín lọ," Martha sọ fún wọn.

Ọjọ́ ọjà ni, àwọn aláàárù sì pọ̀. Ohun tí ọgbọ́n Ọláníran kò ro dé ibẹ̀ ni pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé wọ́n ń pààrọ̀ ilé fún pákó. Ìlú kò mọ̀. Ohun tí ìlú rí ni ọ̀gànwó Ọlábímtán tó ń kọjá lọ lórí àwọn ọkùnrin méjì, ìrókò Thomas tẹ̀ lé e, àfàrà Ọláníran ló sì kẹ́yìn. Obìnrin tó ń din àkàrà lẹ́nu ọjà la ẹnu sílẹ̀. Ó ní, "Yéè! Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà! Kí ni wọ́n jẹ?"

Kí oòrùn tó dé àtàrí, àgbàlá Ọlábímtán ti kún. Agatha, tó jẹ́ olórí àwọn ìyá ìjọ, ló kó wọn wá, ẹkún rẹ̀ sì ti dé àgbàlá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé. Ó dì mọ́ Rebecca. Rebecca rò pé ẹnì kan ti kú ní ilé Agatha, òun náà dì í mú, ó ń sunkún bá a. Wọ́n ti sunkún dáadáa kí Ọlábímtán tó jáde láti inú ilé pẹ̀lú òkèlè iyán lọ́wọ́ láti wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹkún dúró.

"Ẹ ò kú?" Agatha bi í.

"Mi ò kú."

"Ta ló wá kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Martha ló ń ti ṣọ́ọ̀bù."

Agatha nu ojú rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá tíì kú kò yẹ kó máa rán pákó rẹ̀ káàkiri ìlú. Ó sì gbé iṣu tó gbé wá fún opó padà sórí, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Ní ilé Ọláníran, àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí ti kó ṣọ́bìrì dé. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń fi aṣọ bo ìrókò, wọ́n ní kó kúkú fún àwọn lóúnjẹ, pé ọ̀nà jìn. Ó fún wọn. Ti Theresa, ìyàwó Thomas, ló yàtọ̀. Ọjà ló wà nígbà tí ìrókò ń kọjá. Ó da tábà tó ń tà sílẹ̀, ó sáré láti ọjà dé ilé láìwọ bàtà, ó sì bá Thomas nídìí iṣẹ́, ó ń fági. Ó gbá a létí. Lẹ́yìn náà ló dì mọ́ ọn, kò sì fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Thomas sọ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, òun ò mọ̀ pé obìnrin náà fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni Martha jókòó sí, gbogbo ìròyìn yìí ń dé bá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń di ìhà mú. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Àfi bí ẹ̀rín náà ṣe dá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ń ro bí gbogbo ìlú ṣe sáré. Agatha, tí kò tíì sọ ohun kan nípa Bámigbóyè fún un rí ju "ẹ máa gbàdúrà" lọ, ru iṣu fún Rebecca. Theresa sáré láìwọ bàtà. Kì í ṣe pé wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń báni kẹ́dùn. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju gbogbo ayé lọ. Wọ́n kàn ní láti rí pákó ni. Ti Bámigbóyè kò kọjá lójú títì rí, wọn kò wá rí ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo fi í pamọ́ fún wọn, ó sọ nínú ara rẹ̀. Ìbínú tó ti ń dì sínú láti ọjọ́ yìí wá, ó wá a lọ́jọ́ náà, kò rí i mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá Thomas nídìí iṣẹ́.

"Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé pákó kan."

"Èwo ló kù?" Ó béèrè, bí ẹni pé kò mọ̀. "Síbo?"

"Ilé Bámigbóyè."

Thomas gbé ìfági sílẹ̀. Ó gbọn èérún igi kúrò lára rẹ̀, ó pẹ́ nídìí rẹ̀.

"Iye Adétutù, ẹ mọ ohun tí ẹ sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Tó bá dé ńkọ́?"

"Tó bá dé, kò ní bá ilẹ̀kùn ní títì. Màá bu oúnjẹ fún un. Tó bá jẹun tán, màá bi í léèrè ibi tó lọ. Thomas, kò ní dé. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sunkún ọkọ mi kí n tó kúrò nílùú yìí."

Omi lé sí Thomas lójú. Kò jiyàn mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè, bóyá kí àwọn gba ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà.

"Rárá o. Ojú títì ni. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú ọjà. Mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn rí i."

Ó lọ pe Ọlábímtán àti Ọláníran. Àwọn aláàárù ní àwọn á bá wọn gbé e, wọ́n kọ̀. Àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbé e fúnra wọn, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, wọ́n ń sinmi, wọ́n sì ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí kò gbé ìhà tirẹ̀ sókè tó. Martha ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn wọn. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun fún ẹlẹ́kásẹ́ẹ̀tì, ó sì tẹ̀ lé pákó.

Obìnrin alákàrà ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ àná ṣì wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ló bá rí àwọ̀ pákó náà. Ó sọ agbada rẹ̀ kalẹ̀ kúrò lórí iná. Àwọn ọkùnrin tó jókòó níwájú ilé ẹlẹ́mu dìde, wọ́n ṣí fìlà. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá wọ́n tún ń pààrọ̀ ilé fún pákó, nítorí ọ̀nà tí àwọn àgbà náà kọjú sí, ilé Bámigbóyè nìkan ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró. Ilé rẹ̀ nìyẹn, pákó rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ láti ìgbà ogun ni wọ́n fẹ́ sọ yìí. Thomas wo Martha.

"Ẹ gbé e wọlé," Martha sọ.

Wọ́n gbé e wọlé. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú pálọ̀. Ọlábímtán mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí pákó náà, ó nàró, ó sì sọ ọ́ ketekete bí ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wolé-wolé: "Bámigbóyè ti lọ o." Ọláníran ṣe àdúà tirẹ̀, Thomas fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Martha tẹ́ ẹní, ó jókòó, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ sí.

Kò dá jókòó pẹ́. Theresa ló kọ́kọ́ dé, Rebecca tẹ̀ lé e, àwọn ará ọjà dé, àwọn káfíńtà tó ti ra ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ dé. Agatha wá pẹ̀lú iṣu lórí. Ó ti tijú tó lánàá, gbogbo èèyàn sì ń wò ó bóyá ó máa béèrè pé ṣé òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Kò béèrè. Ó sọ iṣu kalẹ̀, ó jókòó ti Martha lórí ẹní, ó fi apá gbá a mọ́ra.

"Martha, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Martha ya ẹnu láti dáhùn. Àmín ló fẹ́ ṣe. Ẹkún ló jáde, ẹkún ńlá, tó ń mì í láti orí dé ẹsẹ̀. Ó pe orúkọ Bámigbóyè, ó pe é bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó ti kú, àwọn obìnrin sì bá a gbé e. Wọn kò ní kó dákẹ́.

Ọ̀sán ni ọkọ̀ Ìlọrin já Adétutù sílẹ̀. Ó wá bá ìyá rẹ̀ di ẹrù ni. Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá a ní títì. Oníbúrẹ́dì wo ojú rẹ̀, ó kàn nawọ́ sí ọ̀nà ilé. Nígbà tó rí èrò tó kún àgbàlá títí dé ojú ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń ti àwọn èèyàn sápá kan, ó ń pariwo, "Iye! Iye!" Àfi bó ṣe rí ìyá rẹ̀ lórí ẹní láàárín àwọn obìnrin, ojú rẹ̀ ti wú, ó ń mí.

"Iye, mo rò pé ẹ̀yin ni. Ta ló kú?"

"Baba rẹ."

Adétutù dúró sójú kan. Ó wo pákó tó wà nílẹ̀, ó wo Thomas, ó wo Agatha. Kò sẹ́ni tó yí ojú kúrò.

"Nígbà wo?"

Martha fi etí ìró nu ojú rẹ̀. "Láàárọ̀ yìí."

Adétutù, tí baba rẹ̀ ti ń bọ̀ láti ìgbà tó ti gbọ́njú, gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí ẹní, àwọn méjèèjì sì jọ ń sunkún.